Màámi Kò Tíì Kú: Níbo La Ti Ń Rí Ohun Tuntun Kọ?

Ẹ̀yin akẹ́gbẹ́ mi nínú ẹgbẹ́ òǹkọ̀wé, ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tí mo ti ń gbé kiri láti sẹ̀mẹ́sítà tó kọjá, ó sì ti tó àkókò kí n sọ ọ́. Ẹni tí ọ̀rọ̀ mi bá bí nínú, kó jọ̀wọ́ kọ ìbínú rẹ̀ sílẹ̀ kó fi ránṣẹ́ sí olótùú, kí àtẹ̀jáde tó ń bọ̀ lè tètè kún.

Gbogbo ìgbà tí olótùú wa bá lẹ ìwé mọ́ ara ògiri pé òun ń retí ewì àti ìtàn, ohun kan náà ni gbogbo wa máa ń sọ: "N ò rí nǹkan kọ." Nígbà tó bá wá ku ọjọ́ méjì kí wọ́n gbé e lọ sí ibi fótókọ́pì, kálukú a gbé bírò. Ohun tí a sì máa ń sáré kọ náà nìyí: ìyá ni wúrà, ìjọba kò dára, ìfẹ́ ń pa mí, NEPA mú iná lọ.

Mo kó àtẹ̀jáde mẹ́ta tó kẹ́yìn jọ sórí bẹ́ẹ̀dì mi ní họ́sítẹ́lì, mo kà wọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ewì ìyá mẹ́fà ni mo bá pàdé. Nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ìyá gbé ọmọ pọ̀n, ìyá lọ sóko, òjò pa ìyá, ìyá fi ebi sùn kí ọmọ lè yó. Bí ẹ bá fi ọwọ́ bo orúkọ àwọn tó kọ wọ́n, ẹ ò ní mọ èwo ni ti ta ni. Ṣé ìyá kan náà ló bí gbogbo wa ni?

Ti NEPA tiẹ̀ ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ọdún 2005 ni wọ́n ti yí orúkọ ilé-iṣẹ́ náà padà sí PHCN. Nígbà tó di 2013, wọ́n pín òun náà sí wẹ́wẹ́, wọ́n tà á fún àwọn oníṣòwò. NEPA ti kú lórí ìwé tipẹ́tipẹ́, ṣùgbọ́n ó ṣì ń mú iná lọ nínú ewì tiwa. Ẹnikẹ́ni kò kọ nípa owó iná tí ènìyàn mẹ́rin jọ ń dá nínú yàrá kan, tí ẹnì kan kì í dá, tó sì jẹ́ pé òun ló ni áyọ́ọ̀nù. Ṣebí gbogbo wa la mọ ẹni yẹn?

Kí ẹ má bàa rò pé mo gun orí òkè lọ láti máa ju òkò lu yín, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Nínú ewì ìyá mẹ́fà yẹn, ọ̀kan jẹ́ tèmi. Òun ló sì burú jù. Àwọn márùn-ún yòókù ń kí ìyá wọn láàyè ni. Èmi pa tèmi.

Ewì ìdárò ni mo kọ. Mo ní màámi ti sùn, oorun tí wọn kò ní jí mọ́. Mo sunkún ojú ìwé kan àtààbọ̀. Nígbà tí mo kà á ní ìpàdé wa, àwọn kan fi hánkáṣíìfù nu ojú. Lọ́jọ́ kejì, ọ̀rẹ́ mi kan láti ẹ̀ka ẹ̀kọ́ mìíràn wá bá mi ní yàrá pẹ̀lú búrẹ́dì àti mílíìkì, ó ní òun wá bá mi kẹ́dùn. Mo ní, "Rárá o, màámi wà láàyè, wọ́n wà ní ìsọ̀ wọn." Ó wo ojú mi, ó wo búrẹ́dì rẹ̀. A jọ jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n kò sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Kí ló dé tí mo pa wọ́n? Mi ò rí nǹkan kọ ni, mo sì mọ̀ pé tí ènìyàn bá dárúkọ ikú, gbogbo ilé á dákẹ́ gbọ́. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọmọ àdúgbò wa kan tó ń kàwé níbí gbé ìwé wa lọ sílé. Àbúrò mi sì kà á fún màámi nínú ọjà. Èlùbọ́ ni wọ́n ń tà. Nígbà tí mo dé sílé fún ìsinmi, wọn ò pariwo. Wọ́n jẹ́ kí n dọ̀bálẹ̀ tán, wọ́n wá ní, "Àkànní, ta ló wá ń fi owó oúnjẹ ránṣẹ́ sí ẹ láti ọ̀run?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀. Wọ́n ní kì í ṣe ikú tí mo pa àwọn ló dun àwọn, pé ẹni tí wọ́n bá fi ẹnu pa, ẹ̀mí rẹ̀ ló ń gùn sí i. Wọ́n ní, "Ìyá tí o kọ sínú ìwé yẹn, ta ni? Èmi ò lóko. Èmi ò gbé ẹ pọ̀n lọ sóko rí. Orí ọ̀kadà ni mo ń gbé ẹ sí lọ sí jẹ́lé-ó-sinmi. Àbí ìyá ẹlòmíì ló wù ẹ́ ni?"

Ẹ̀yin ènìyàn mi, lámèyítọ́ nìyẹn. Ìbéèrè kan ṣoṣo, ewì mi wó lulẹ̀. Nítorí pé òtítọ́ ni. Ìyá tí a ń kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé wa yìí, a kò fi ojú rí i, etí la fi gbọ́ ọ. Inú ìwé kíkà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló ti wá, inú orin ló ti wá, inú ewì orí rédíò ló ti wá. Ó jẹ́ ìyá ẹnì kan nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ dá a. Ní tiwa báyìí, ó ti dà bí aṣọ ẹgbẹ́: kálukú ń wọ̀ ọ́, kò bá ara ẹnikẹ́ni mu.

Ẹnì kan lè sọ pé irọ́ tí mo pa ló ba ewì náà jẹ́. Mi ò gbà. Ẹ wo Isaac Thomas, olótùú ìwé ìròyìn Akéde Èkó. Láàárín ọdún 1929 sí 1930, ó ń tẹ àwọn lẹ́tà kan jáde léraléra, ó ní obìnrin kan tó ń jẹ́ Sẹ̀gilọlá ló ń kọ wọ́n ránṣẹ́. Obìnrin náà ti darúgbó, àìsàn ti dá a gúnlẹ̀, ó wá ń ròyìn bí òun ṣe fi ẹwà òun jayé l'Ékòó nígbà èwe òun. Irọ́ ni o! Thomas ló jókòó tó ń kọ gbogbo rẹ̀. Síbẹ̀ àwọn òǹkàwé gbà á gbọ́, wọ́n ń kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn náà nítorí obìnrin tí kò sí láyé. Nígbà tó di 1930, wọ́n kó àwọn lẹ́tà náà jọ di ìwé. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ló ń pè é ní ìtàn àròsọ ọlọ́rọ̀ gígùn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá, ó sì ṣáájú Ògbójú Ọdẹ tí Fágúnwà kọ, tó jáde ní 1938.

Kí ló wá dé tí irọ́ Thomas fi dúró, tí tèmi fi ṣubú? Thomas wo Èkó dáadáa ni. Orúkọ àdúgbò wà nínú lẹ́tà wọ̀nyẹn, orin tí àwọn ará Èkó ń kọ nígbà náà wà níbẹ̀. Ó sì wo ọkàn ènìyàn pẹ̀lú. Sẹ̀gilọlá kì í kàn sunkún láti òkè délẹ̀. Ó ní òun kábàámọ̀, ó ń kìlọ̀ fún àwọn ọ̀dọ́bìnrin, ṣùgbọ́n bó bá ti dé orí ìròyìn fàájì àtijọ́, inú rẹ̀ a tún máa dùn, ẹ ó rí i pé ó ń gbéraga. Lẹ́yìn náà ni yóò tún rántí pé òun ń ronú pìwà dà. Ẹ̀dá gidi máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú ìdárò tèmi, mo kàn ń sunkún ṣáá ni, mi ò rántí ohun kan tí màámi ṣe tó bí mi nínú rí. Ta ló ní ìyá tí kò mú inú bí i rí?

Nítorí náà, kì í ṣe irọ́ ni àrùn tó ń ṣe wá. Kì í sì í ṣe pé ọ̀rọ̀ ti gbó. Ẹ wo Akínwùmí Ìṣọ̀lá, tó di olóògbé lọ́dún 2018. Akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiwa ni ní Yunifásítì Ìbàdàn nígbà tó kọ eré Ẹfúnṣetán Aníwúrà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, kí ìwé náà tó jáde ní 1970. Ìtàn Ìyálóde Ìbàdàn tó kú ní 1874 ni. Ṣé ọ̀rọ̀ tuntun nìyẹn? Ìtàn tí àwọn àgbà Ìbàdàn ti ń sọ tipẹ́ ni. Ohun tuntun tó wà níbẹ̀ ni ìbéèrè tí Ìṣọ̀lá bi ìtàn náà: kí ló lè sọ obìnrin olówó, obìnrin ọlọ́lá, di ẹni tí yóò máa pa ẹrú rẹ̀ nítorí oyún? Ó tẹ̀lé ìbéèrè náà dé ibi tó burú. Àwọn kan ti bá a jiyàn pé Ẹfúnṣetán tó gbé ayé rí kò burú tó ti inú eré. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ tó ṣeé bá jiyàn ti sọ nǹkan. Ta ló lè bá "ìyá ni wúrà" jiyàn?

Ìṣọ̀lá yìí kan náà ló kọ Ó Le Kú, tó jáde ní 1974, tí Túndé Kèlání sì sọ di fíìmù ní 1997. Ìfẹ́ ọmọ yunifásítì ni: Àjàní, Àṣàkẹ́, Lọlá, Ṣadé. Ohun tó wà lẹ́nu ọ̀nà òǹkọ̀wé náà ló kọ. Tí mo bá wá ka ewì ìfẹ́ inú ìwé tiwa, eyín olólùfẹ́ funfun, ẹyinjú rẹ̀ ń dán, ọrùn rẹ̀ gùn, ohùn rẹ̀ bí agogo. Ó dára. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ewì ìfẹ́ tí mo kà, mi ò rí ẹyọ kan tí ọmọbìnrin náà ti lanu fèsì. Nínú Ó Le Kú, wọ́n ń fèsì, wọ́n ń jowú, wọ́n ń bínú. Ìdí nìyẹn tí a fi ń rántí orúkọ wọn. Kí lorúkọ ọmọbìnrin inú ewì tìrẹ?

Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan ti dá mi lóhùn tẹ́lẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ó ní ọ̀yìnbó ló ń da ara rẹ̀ láàmú pẹ̀lú ohun tuntun, pé àwọn baba wa ò wá ohun tuntun, ohun tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ṣáájú ni wọ́n ń sọ. Mo ní kó lọ wo ìjálá. Ó wà nínú ìwé ńlá tí Adébóyè Babalọlá tẹ̀ jáde lórí ìjálá ní 1966, ó sì wà lẹ́nu àwọn ọdẹ. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ki erin, bí wọ́n ṣe ń ki ẹfọ̀n. Wọn kì í sọ pé ẹranko náà lágbára kí wọ́n sì dákẹ́. Wọ́n á sọ bó ṣe dúró, bó ṣe ń rìn, ohun tí ìwo rẹ̀ jọ, ohun tí ojú ọdẹ rí lọ́wọ́ rẹ̀. Lóòótọ́, ọmọ iṣẹ́ ń gbà á lẹ́nu ọ̀gá. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ́kọ́ sun ún ti dúró nínú igbó, ó ti wo ẹran náà pẹ̀lú ìbẹ̀rù. Ọdẹ tí kò bá wo ẹfọ̀n dáadáa, ẹfọ̀n á wò ó. Tí a bá wá ní àwọn baba wa la ń tẹ̀lé, wíwò yẹn náà ni ká tẹ̀lé. Ẹ má jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ ẹnu wọn nìkan ká fi ojú wọn sílẹ̀.

Kí ó má bàa dà bí ẹni pé mi ò rí ohun rere kankan nínú ìwé wa, ewì kan wà nínú àtẹ̀jáde tó kọjá tí mo kà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ọmọ ìpele kejì kan ló kọ ọ́, lórí ọmọkùnrin tó ń ṣe fótókọ́pì lẹ́nu géètì. Gbogbo iṣẹ́ àpilẹ̀kọ àwọn tó ń jáde ló ń kọjá lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti tẹ ẹ̀dà ìwé-ẹ̀rí fún àìmọye ènìyàn, òun alára ò ní ọ̀kan. Ìlà kan ń sọ bí iná ẹ̀rọ náà ṣe ń kọjá lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ nígbà tó bá gbàgbé láti bo ìdérí. Mo ti dúró níbẹ̀ nígbà tí kò lóǹkà, mo ti ń pariwo pé kó ṣe kíá, mi ò rí iná yẹn. Òun rí i. Àbùkù ewì náà kò ju ẹyọ kan lọ: ní ìparí, akéwì bẹ̀rù pé a ò ní yé e, ó wá kì wá nílọ̀ pé ká máa ran aláìní lọ́wọ́. Àbúrò, yọ ìlà mẹ́rin yẹn kúrò. Iná ẹ̀rọ náà ti sọ ọ́ tán.

Ohun tí mo wá kọ́ nínú gbogbo èyí kò pọ̀. Ohun tuntun kì í sábà jẹ́ ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ rí. Ohun tí a ti ń rí lójoojúmọ́ ni, tí a kò bi í ní ìbéèrè. Àti pé ohun tí kò ná ènìyàn ní nǹkan kan láti kọ, kò dájú pé yóò fún òǹkàwé ní nǹkan kan. Ìdárò tí mo kọ kò ná mi ní kọ́bọ̀. Wákàtí kan ni mo fi kọ ọ́, mo sì ń jẹ gúgúrú lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí n padà sọ́dọ̀ màámi. Lẹ́yìn tí wọ́n bi mí ní ìbéèrè yẹn, mo jókòó tì wọ́n ní ìsọ̀ títí ọjà fi tú. Mo ti wà níbẹ̀ láti kékeré, ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ wo iṣẹ́ wọn. Wọ́n á fi kóńgò bu èlùbọ́, wọ́n á fi ọwọ́ òsì yí etí kóńgò ká kí òkè rẹ̀ má bàa ya, wọ́n á máa ṣo ó lọ títí tí yóò fi yọ ṣóńṣó. Wọ́n á dà á sínú ọ̀rá oníbàárà, wọ́n á tún bu ìkúnwọ́ kan lé e, ìyẹn ni èènì. Gbogbo rẹ̀ ò tó ìṣẹ́jú kan.

Nígbà tí èrò dín, mo gbé kóńgò náà. Mo rí àpá òòlù ní ìdí rẹ̀. Mo bi wọ́n pé kí ló ṣe é. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní lọ́dún tí mo wọ yunifásítì, nígbà tí a ń wá owó tí mo máa san kí wọ́n tó kọ orúkọ mi sílẹ̀, àwọn gbé kóńgò náà lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ, alágbẹ̀dẹ sì fi òòlù lu ìdí rẹ̀ wọ inú. Kóńgò tí wọ́n bá lù wọnú kì í gba èlùbọ́ tó bó ṣe yẹ, oníbàárà ò sì ní fura, torí pé òkè ṣì ń yọ ṣóńṣó. Wọ́n ní oṣù méjì ni àwọn fi tà á bẹ́ẹ̀. Owó mi pé. Wọ́n gbé e padà, alágbẹ̀dẹ lù ú jáde. Àpá rẹ̀ ló kù tí mo rí yẹn.

Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ. Èmi tí mo ti kọ ojú ìwé kan àtààbọ̀ lórí ìyá tí òjò pa nítorí ọmọ! Ohun tí ìyá tèmi ṣe nítorí mi nìyí, ó wà ní ìdí kóńgò, kò sì ṣeé fi yangàn. Mo ronú sí àwọn oníbàárà wọn, àwọn ìyá tó mọ orúkọ mi, tí wọ́n gba èlùbọ́ tí kò pé lọ sílé kí èmi lè wá kọ́ nípa ewì.

Mo bi wọ́n bóyá mo lè kọ ọ́. Oníbàárà kan dé, wọ́n dá a lóhùn, ó rà, ó lọ. Wọ́n wá ní, "Kọ ọ́. Ṣùgbọ́n kó o kọ ọ́ pé mo lù ú padà." Mo ti kọ ọ́ síbí báyìí.

Ewì rẹ̀ kò tíì parí. Mo ti kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Gbogbo ìgbà tí mo bá dé ibi òòlù, ó máa ń ṣe mí bíi kí n tètè dá wọn láre, tàbí kí n sọ pé ìjọba ló fà á, ewì náà a sì tún padà di ọ̀kan nínú mẹ́fà. Mo mọ̀ pé ibẹ̀ gan-an ni mo gbọ́dọ̀ dúró sí, mi ò sì tíì mọ bí mo ṣe máa dúró síbẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, mi ò tún lè sọ pé mi ò rí nǹkan kọ.

Olótùú ti tún lẹ ìwé tuntun mọ́ ògiri, ẹ ti rí i. Kí ẹ tó gbé bírò, ẹ wo nǹkan kan nínú ilé yín tó ní àpá lára, kí ẹ béèrè ohun tó ṣe é. Ẹni tó bá sì tún fẹ́ pa ìyá rẹ̀ nínú ewì, mo bẹ̀ ẹ́, kó kọ́kọ́ fi fóònù pè wọ́n, kó bi wọ́n bóyá wọ́n ti jẹun.